Bí Mo Ṣe Ṣubú ní Ìfànyìn, Tí Mo sì Dìde

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ìsọ̀ ìránṣọ mi ní Ìfànyìn, obìnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, mo sì bi í léèrè pé, "Ṣé aṣọ súkúù lẹ fẹ́ rán fún un?"

Obìnrin náà wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wò mí.

"Aṣọ kí ni?"

"Aṣọ súkúù, mà. Èyí tó máa wọ̀ lọ sọ́dọ̀ tíṣà."

"Ta ló ń jẹ́ Tíṣà?"

Ọmọ náà ló gbà mí. "Lékọ̀ọ̀lù ló ń sọ, Màmá. Mẹ́tìrì ló ń pè ní tíṣà."

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó ti máṣíìnì mi, omi sì kún ojú mi. Yorùbá ni mí, Yorùbá ni wọ́n. Mo ti rò pé nínú gbogbo ohun tí àjò lè kọ́ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní sí níbẹ̀.

Ìwó ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti lọ́kọ. Nígbà tí ọkọ mi kú tí mo sì ṣe opó tán, àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ ṣú mi lópó fún àbúrò rẹ̀, ẹni tí mo máa ń bu oúnjẹ fún nígbà tó wà ní kékeré. Mo ní mi ò fẹ́. Wọ́n ní obìnrin tó bá kọ̀ kò gbọdọ̀ gbé inú ilé náà. Obìnrin kan tó máa ń ta aṣọ ní àwọn ọjà ẹnubodè ló sọ fún mi pé ní Ìfànyìn, ní òdìkejì ẹnubodè, Àjàṣẹ́ tó jẹ́ olú ìlú wọn ni wọ́n ń gbé aṣọ lọ kí wọ́n tó rí ẹni bá wọn rán an dáadáa. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ní tiwa àti ní tiwọn. Kálukú ló fẹ́ wọ aṣọ tuntun. Mo di máṣíìnì mi, mo lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu kọ́ ni ohun tí mo ti ń bẹ̀rù. Ilẹ̀ pupa kan náà ni, ọ̀pẹ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì wọn gùn bí apá, ó sì le bí igi. Bí mo bá kí akọ̀wé kan ní àárọ̀, "Bọ̀ńjúù" ni yóò fi dá mi lóhùn. Àwọn jàńdáàmù tó ń ṣọ́ ẹnubodè máa ń bi mí ní ìbéèrè tí mi ò gbọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ló máa ń bá mi dáhùn. Àwọn àgbẹ̀ kan wà tí oko wọn wà ní ìhà ìhín tí ti ẹ̀gbọ́n wọn wà ní ìhà ọ̀hún, wọ́n á máa pe ara wọn jẹun láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ará Ìwó ni gbogbo ayé ń pè mí. Wọn kò fi bú mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń rántí pé mi ò tíì dé ibìkankan.

Ilé Ìyá Sàídù ni mo gbé. Opó ni òun náà, ó ń ṣe epo pupa, ó sì ń tà á ní ọjà Tchaada. Obìnrin gígùn ni, ohùn rẹ̀ ga, kì í sì í bẹ ènìyàn. Ọjọ́ tí mo dé, ó fi yàrá mi hàn mí, ó ní, "Máa bá àwọn ewúrẹ́ mi ṣe pẹ̀lẹ́, kí o sì máa ti ilẹ̀kùn." Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ fún ọ̀sẹ̀ náà kò ju ìyẹn lọ.

Mo bá àìsàn kan lọ sí àjò. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó kúrò ní Ìwó. Bí mo bá jí ní òwúrọ̀, ìka ọwọ́ mi méjèèjì á ti wú, wọ́n á le gan-an bí ẹni pé ẹnìkan fi okùn dì wọ́n mọ́jú. Orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ mi náà ò gbẹ́yìn. Mi ò lè di ìró, mi ò lè já ewé. Tí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀ ni ara á tó tú, màá lọ jókòó sí ìdí máṣíìnì, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ohun tí mo là kọjá. Ní ilé wa, làkúrègbé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní àrùn àgbà ni, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti darúgbó kí n tó bímọ.

Ọkùnrin kan tó máa ń kiri oògùn ní ọjà ló tà mí ní oògùn funfun kéékèèké kan. Mo lò ó, ìrora náà sì fò lọ. Ẹ̀rù tiẹ̀ bà mí bó ṣe yá tó. Mo ń rà á, mo ń lò ó. Láàárín ọdún yẹn, ojú mi di kiribiti, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún. Mo ya fọ́tò, mo fi rán ẹni tó ń lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn tó ní tẹlifóònù. Bí mo bá lọ ra òwú ní Àjàṣẹ́, màá yà sí ilé ìfìwéránṣẹ́, màá jókòó títí wọn á fi gba ojú ọ̀nà fún mi gba Èkó. Lọ́jọ́ kan, Màmá mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ń pariwo sínú tẹlifóònù bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò.

"Mo rí fọ́tò rẹ o! O ti sanra! Ọlọ́run ṣeun, àjò bá ọ lára mu!"

"Ó bá mi lára mu, Màmá."

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó ti lọ, Màmá."

Mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé irọ́ kọ́ ni mo pa. Ìrora náà lọ lóòótọ́. Mi ò mọ ohun tó ń bá eegun mi jà ní abẹ́lẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní àkókò òjò ni mo ṣubú. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo gbé búta omi dání, mo fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Ní ẹnu ọ̀nà ilé Ìyá Sàídù, wọ́n mọ amọ̀ ga sókè bí odi kékeré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún ènìyàn. Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n kí àgbàrá má baà wọlé, kí ewúrẹ́ má sì baà wọlé. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ láìronú. Ní àárọ̀ yẹn, orúnkún mi kọ̀ láti ká. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi kọ́ amọ̀ náà, mo sì lọ gbalaja sórí ilẹ̀ àgbàlá tí òjò ti mú yọ̀ bí ilá. Mo na ọwọ́ òsì láti fi gba ara mi dúró.

Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Ó dún bí igi ìdáná tó gbẹ.

Ìyá Sàídù sáré jáde. Ó rí bí ọrùn ọwọ́ mi ṣe tẹ̀, ó sì ké. "Ó ti kán! Yéè, ó ti kán!" Lẹ́yìn náà ó wò mí tìyanutìyanu. "Ìṣubú báyìí náà? Èmi ti já bọ́ láti orí àkàbà rí, n kò kán. Irú eegun wo lo gbé wá láti ilé yín?"

 Kì í ṣe ìrora ni mo ń rò. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun ti lọ, pé màá padà sí Ìwó bí arọ, màá sì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé àwọn tí mo kọ̀.

Wọ́n gbé mi sórí kẹ̀kẹ́, Ìyá Sàídù fúnra rẹ̀ ń dì mí mú láti ẹ̀gbẹ́, ó di ilé ìwòsàn kékeré tó wà nínú ìlú. Màdáàmù Ánà ni nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ọmọ Ṣábẹ̀ ni, onígbàgbọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó wo ọwọ́ tó kán, ṣùgbọ́n ọwọ́ kejì tí kò kán ló wò pẹ́. Ó fọwọ́ tẹ oríkèé ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo ojú mi tó di kiribiti.

"Bọ̀n," ló wí. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Oògùn wo lò ń lò?"

Mo sọ fún un.

"Ta ló ní kí o lò ó?"

"Ẹni tó tà á ni."

Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn tó fi pákó di ọwọ́ mi kí ó má baà mì, tó sì sọ pé mo gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Àjàṣẹ́ kí wọ́n lè fi amọ̀ funfun tí í le gbagidi dì í, ó jókòó tì mí.

"Tẹ́tí, àbúrò mi. Èyí kì í ṣe làkúrègbé àgbà. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ni eléyìí fẹ́ràn jù. Oríkèé ló ń jẹ, apá òsì àti ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá sì pẹ́ á máa fa okun eegun tó wà nítòsí ibẹ̀. Ẹran ẹsẹ̀ á rọ, nítorí ẹni tí orúnkún ń dùn kì í rìn tó. Ẹsẹ̀ ò wá ní gbọ́ràn mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní in fi ń ṣubú ju ẹlòmíràn lọ. Oògùn tí o wá ń lò yẹn, òun náà ń jẹ́ kí eegun fúyẹ́. Ṣé o rí i? Ó rọrùn fún ọ láti ṣubú, ó sì rọrùn fún eegun rẹ láti kán. Ìkejì ọ̀rọ̀ náà lẹ̀rù ń bà mí sí. Ọrùn ọwọ́ lèyí. Bó bá jẹ́ ìgbáròkó ni, ǹ bá máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn."

"Kí n da oògùn náà nù?"

"Rárá! Má dá a dúró lójijì, ó léwu. Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, á sì fún ọ ní òmíràn. Mẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn nìkan kọ́. Mo fẹ́ wá wo ibi tí ò ń gbé."

Ó wá lóòótọ́ lẹ́yìn tí mo ti Àjàṣẹ́ dé. Ó rìn káàkiri ilé bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ó gbé ẹní tí etí rẹ̀ ká sókè, ó ní kí n má tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà mọ́. Ó wo sílípáàsì mi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, ó ní kí n wá bàtà tó di ẹsẹ̀ mú. Ó ní kí n gbé ìkòkò omi kúrò nílẹ̀ kí n má baà máa bẹ̀rẹ̀ sí i. Ó ní kí n mú ọ̀pá. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó wo amọ̀ yẹn. Ìyá Sàídù dúró síbẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ mọ èyí?"

"Ọkọ mi ló mọ ọ́n," Ìyá Sàídù dáhùn. "Ilé yìí kò tíì mu omi rí láti ìgbà tó ti mọ ọ́n."

Màdáàmù Ánà mi orí. Èmi náà wolẹ̀. Ayálégbé ni mí, àjèjì sì ni mí. Ta ni mí tí màá fi ní kí wọ́n wó iṣẹ́ ọwọ́ òkú nítorí ẹsẹ̀ mi? Mo ti pinnu láti máa fi ẹsẹ̀ kan wọlé kí n tó fa èkejì, kí n máa di ògiri mú.

Ní ọjọ́ ọjà kan, mo lọ fi ọwọ́ han nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo padà dé, mo gbọ́ kù-kù-kù láti ojú ọ̀nà. Ìyá Sàídù kò lọ sí Tchaada. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gbé ọkọ́ dání, ó sì ti ro amọ̀ yẹn wálẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Ó ti da yanrìn sí gbogbo àgbàlá tó ń yọ̀. Ó ti gbẹ́ ojú àgbàrá tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ilé kí omi lè gba ibẹ̀ lọ. Òógùn bò ó.

Mo kúnlẹ̀ débi tí orúnkún mi gbà mí láyè. "Ìyá, ẹ ò bá ti jẹ́ kó wà. Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá ni."

"Ilé tó bá ń gbé ènìyàn ṣubú, kí ló fi ń jẹ́ ilé?" Ó nu ojú. "Kì í ṣe òfin Kùránì ni Bàbá fi mọ ọ́n. Omi ló mọ ọ́n dí. Mo ti wá ọ̀nà mìíràn fún omi. Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi, kí orúnkún yẹn tó tún bẹ̀rẹ̀ wàhálà."

Ọmọ mi. Mo wọlé, mi ò gbé ẹsẹ̀ ga, mi ò di ògiri mú. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì sunkún bí mi ò ṣe sunkún nígbà tí ọwọ́ mi kán.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti mọ orúkọ bàbá ènìyàn nìkan ni à ń pè ní ilé. Ní Ìwó, wọ́n mọ oríkì mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn náà ni wọ́n sì ní kí n jáde. Ní Ìfànyìn, wọn ò mọ̀ ju pé mo ń rán aṣọ, pé mò ń pe lékọ̀ọ̀lù ní súkúù. Síbẹ̀ ẹnìkan gbé ọkọ́ nítorí mi. Mi ò sọ pé èkíní kì í ṣe ilé mọ́. Mo kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pá ló nira jù fún mi. Obìnrin tí kò tíì hu ewú, tó ń ti ọ̀pá lọ sí ọjà ní ìlú onílùú! Màdáàmù Ánà ní, "Àlọ́ọ̀, ó dáa, ìwò wo lo fẹ́ kí wọ́n wò ọ́? Ìwò ẹni tó ń ti ọ̀pá, àbí ìwò ẹni tí wọ́n gbé?" Mo mú ọ̀pá. Àwọn ènìyàn wò mí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n rí nǹkan mìíràn wò.

Ó tún kọ́ mi ní eré kan. Màá jókòó sórí àpótí, màá ká ọwọ́ mọ́ àyà, màá dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, màá tún jókòó. Màá di fèrèsé mú, màá fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ó tún kọ́ mi bí ẹni tó ṣubú ṣe ń dìde: kì í sáré, á kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́, á fọkàn wo gbogbo ara rẹ̀, á yí sí ẹ̀gbẹ́, á fi orúnkún àti ọwọ́ rá kòrò, kó tó wá ohun tó dúró dáadáa fi gbé ara rẹ̀ ró.

Ìyá Sàídù á jókòó ti ìkòkò epo rẹ̀, á máa fi mí rẹ́rìn-ín. "Lékèélékèé! Wò ó, ó tún ti dúró lórí ẹsẹ̀ kan!" Ṣùgbọ́n òun náà ló ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní fún mi, òun ló ń lọ ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ teegunteegun sínú ọbẹ̀, torí nọ́ọ̀sì ti sọ pé eegun ń jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tú amọ̀ funfun kúrò lọ́wọ́ mi, ọwọ́ náà ti rù, awọ rẹ̀ ń bó. Ó pẹ́ kí n tó lè fi í gbá aṣọ mú. Mo gbìyànjú láti ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó bọ́, mo tún gbìyànjú, ó bọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé. Mo gbé abẹ́rẹ́ náà sókè sí oòrùn, òwú ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Aṣọ tí mo kọ́kọ́ rán lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ lékọ̀ọ̀lù ni, etí rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ìyá ọmọ náà rí i, ó sì ní òun ò rí nǹkan kan.

Ojú mi náà bẹ̀rẹ̀ sí fọn padà, bí dókítà ṣe ń dín oògùn yẹn kù. Ìrora padà wá díẹ̀, mi ò ní purọ́. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá dúró de ìka mi bí ẹni tó ń dúró de àlejò. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mò ń bá jà, ìyẹn sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju kí n má mọ̀ ọ́n lọ.

Mo pe Màmá mi láti Àjàṣẹ́, ó tún wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn. Ìyá Sàídù tẹ̀lé mi, ó ní òun fẹ́ rí irin tí ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀.

"Màmá, mo ṣubú lóṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ọwọ́ mi kán. Ó ti jinná."

  Ohùn rẹ̀ kò pariwo mọ́.

"Ìyá mi náà ṣubú bẹ́ẹ̀. Ìka rẹ̀ rí bíi tìrẹ. Àtìgbà náà kò rìn mọ́ títí ó fi kú. A ní àgbà ló dé sí i. Ṣé o lè rìn?"

"Mo ń rìn, Màmá."

"O rìn dé ibi tí o ti ń pè mí yìí?"

"Mo rìn dé ibí."

"Alhamdulilahi," ló wí, ó tún un wí, ó tún un wí. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé, "Ta ló ń tọ́jú rẹ?"

Mo gbé tẹlifóònù sí etí Ìyá Sàídù. Ó dì í mú bí ẹni tó di adìyẹ mú, ó sì ké sínú rẹ̀ débi pé akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ dìde: "Ìyá rẹ̀ o! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ má ṣèyọnu! Ó wà nílé!"

Ìgbà kan tún kù. Ó ti lé ní ọdún kan lẹ́yìn tí mo kọ́kọ́ ṣubú. Mo bá Ìyá Sàídù lọ sí ọjà Tchaada láti lọ gba aṣọ tí mo fẹ́ rán. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, àwọn obìnrin ń gbé garawa epo sọ̀kalẹ̀. Epo ti ta sílẹ̀ níbì kan, mi ò rí i. Ọ̀pá mi yọ̀, ẹsẹ̀ mi tẹ̀ lé e, mo sì fi ìdí àti ìgbáròkó balẹ̀ gbìì.

 Àwọn tó mọ̀ mí mọ ohun tí ìṣubú jẹ́ fún mi. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Aránṣọ wa ni. Aránṣọ wa ló ṣubú."

Ẹnìkan fẹ́ fà mí dìde. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo dúró jẹ́ẹ́.  Mo mi ọwọ́, ó mì. Mo mi ọmọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n mì. Mo fa orúnkún ọ̀tún, ó wá. Mo fa ti òsì, ẹ̀rù ń bà mí, ó wá. Mo tẹ ìgbáròkó mi, ó dùn mí bí ibi tí wọ́n lù máa ń dunni, kò dùn mí bí ibi tó kán. Mo mọ ìyàtọ̀.

Ìyá Sàídù ti dé. Kò ké lọ́tẹ̀ yìí. Ó wò mí nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú aṣọ ọjà rẹ̀.

"Ó kán?"

"Kò kán, Ìyá."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Kò kán. Kò síbì kankan tó kán."

Ó bo ojú mọ́ ọwọ́ epo rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín kan dédé gbé mi láti inú, mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo yí sí ẹ̀gbẹ́, mo fi orúnkún rá kòrò, mo di ẹsẹ̀ tábìlì alátẹ kan mú, mo sì nàró. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́.

Ìyá Sàídù ṣì wà nílẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n fún epo àti omijé.

"Ó dáa," ó ní. "Wá fà mí dìde wàyí. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́."

Mo na ọwọ́ sí i, mo sì fà á dìde.